Ọmọ Olówó Tí Ó Lọ Di Darandaran

Bí a bá pé jọ ní ìpàdé, tí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ilé ẹgbẹ́ bá tán nílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni ó máa ń kù. Ẹni tí ó fi aláàárù bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, tí Ọlọ́run ṣe é tí ó di onílé onímọ́tò, ọmọ rẹ̀ kò mọ bí ẹrù ti ń wúwo lórí. Àwọn kan ní kí a rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé lọ́dọ̀ bàbá àgbà kí ó lọ di ọkọ́ mú. Àwọn kan ní ìyà kì í kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n, pé ńṣe ni ó ń sọ ọmọ di ẹhànnà. Nítorí àríyànjiyàn yìí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọmọ olówó kan fún yín, ọmọ ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni kò rán, tí ó dìde fúnra rẹ̀ lọ sí oko màlúù. Ìtàn òótọ́ ni. Theodore Roosevelt ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1858 ni a bí i. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí owó wọn pọ̀ jù ní New York, bàbá rẹ̀ sì ń kó dígí wọlé láti òkè òkun. Ilé ńlá, ìránṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, olùkọ́ tí ń wá kọ́ni nínú ilé: kò sí èyí tí wọn kò ní. Ìlera nìkan ni owó kò rí rà fún ọmọ yìí. Ikọ́ fée ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ tí alẹ́ bá lẹ́ a máa mí bí ẹni tí wọ́n di ọrùn rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ a gbé e káàkiri inú ilé lóru. Ìgbà mìíràn a gbé e sínú kẹ̀kẹ́ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lójú. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí wọ́n fi fún un ní ìbọn, tí ó wá hàn pé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn ní ìbọn, òun kò tilẹ̀ rí i. Ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lo awò ojú. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé orí rẹ̀ pé ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tó orí náà í gbé, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣe ibi eré ìdárayá sínú ilé fún un, ọmọ náà sì ń gbé irin, ó ń fa okùn, lójoojúmọ́.

Ọdún 1876 ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard. Ní ọdún 1878 bàbá rẹ̀ kú, kò tíì pé ẹni ọdún 47. Ogún tí ó kan Theodore ń mú nǹkan bí dọ́là 8,000 wá fún un lọ́dọọdún, owó tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ kò rí gbà ní ayé ìgbà náà. Ó ń wọ aṣọ tí ó bá owó mu. Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1881, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, àwọn àgbà olóṣèlú fi aṣọ rẹ̀, awò ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sórí ìrọ̀rí ni, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Báwo ni irú ọmọ yìí ṣe dé ìdí màlúù? Rélùwéè ni. Àwa tí a ń jẹun nídìí irin mọ̀ pé ibi tí irin bá gbà ni ọjà ń tọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Northern Pacific ń la ọ̀nà irin gba àríwá Amẹ́ríkà kọjá lọ sí etí òkun ìwọ̀ oòrùn. Ní ọdún 1880 irin náà ti kọjá odò kan tí ń jẹ́ Little Missouri, ní ilẹ̀ Dakota. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1883 ni wọ́n kan ìṣó ìkẹyìn ní Montana. Ilẹ̀ Dakota apá ibẹ̀ kò ṣeé dáko sí púpọ̀: òkè ni, àfonífojì ni, ilẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí omi ti wọ́ títí ó fi dà bí ògiri tí ó wó. Orúkọ tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí Ilẹ̀ Burúkú. Ṣùgbọ́n koríko wà níbẹ̀, irin sì wà tí yóò gbé màlúù dé ọjà ẹran ní Chicago. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí bí wọ́n ti ń kó màlúù sínú wágúnù ní Nguru àti Kano, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sí Èkó, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Òwò kan náà ni, bí ilẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ilẹ̀ náà ní àwọn tí ó ni ín kí òyìnbó tó dé. Àwọn Lakota àti Mandan àti Hidatsa àti Arikara ni wọ́n ń dọdẹ níbẹ̀ láti ìgbà ìwásẹ̀, ẹfọ̀n ni oúnjẹ wọn, ẹfọ̀n ni aṣọ wọn. Òyìnbó fi ìbọn pa ẹfọ̀n náà run, nítorí awọ. Ní ọdún 1883 díẹ̀ ni ó kù. Ohun tí ó sì gbé Roosevelt wá gan-an nìyí: ó fẹ́ pa ẹfọ̀n kan kí wọ́n tó tán. Nígbà èwe rẹ̀ ó sọ ọ̀rọ̀ líle sí àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí, kò sì yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń yìn ín.

Òru ni ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní Little Missouri, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1883 yẹn kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà kan, Joe Ferris, ni ó gbà láti mú un lọ sóde, tìkọ̀ tìkọ̀ sì ni. Òjò mú wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Joe rò pé ọmọ New York yìí yóò ní kí àwọn padà sílé ní ọjọ́ kejì, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ó ń tètè jí, tí ó ń gun ẹṣin sínú ẹrẹ̀. Lóru ọjọ́ kan omi òjò kún ibi tí wọ́n sùn sí, aṣọ ìbora wọn sì rin gbingbin. Inú ọkùnrin náà ń dùn bí ẹni tí ó wà ní ibi ìyàwó. Joe kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹfọ̀n náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ níkẹyìn, ó fò sókè, ó jó, ó sì fún Joe ní dọ́là 100. Kí ó tó kúrò níbẹ̀ ó ti kọ sọ̀wédowó dọ́là 14,000 fún Sylvane Ferris, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Joe, àti Bill Merrifield, pé kí wọ́n bá òun ra màlúù kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Ìwà ọmọ olówó ṣì ni èyí. Ẹni tí ó fi òógùn wá owó kì í fi ọ̀sẹ̀ méjì pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń tẹ ìròyìn ìsọmọlórúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn òkú, ẹni tí ó ń kà á a sì rẹ́rìn-ín tán kí ó tó sunkún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé Roosevelt ní oṣù kejì ọdún 1884, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní ọjọ́ 12 ìyàwó rẹ̀, Alice, bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ 14, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá rẹ̀ kú nínú ilé náà, ibà táífọ́ọ̀dù ni ó pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan náà, àìsàn kíndìnrín pa ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún 22. Roosevelt fa àgbélébùú ńlá kan sínú ìwé tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, gbólóhùn kan péré ni ó kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ jòjòló náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Anna. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Dakota.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgbádùn ni ó lọ wá, ẹ má gbà. Ọ̀fọ̀ ni ó gbé e lọ. Mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá tí ń ka ìwé yìí yóò bèèrè bí bàbá ṣe lè fi ọmọ ọṣẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Kò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ ìyá ọmọ náà títí ó fi kú, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ó dàgbà.

Ó yan ibùdó tuntun kan sí nǹkan bí máìlì 35 sí àríwá ìlú Medora, ó sọ ọ́ ní Elkhorn. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin méjì tí ó mọ̀ nínú igbó Maine, Bill Sewall àti Wilmot Dow, agégẹdú, pé kí wọ́n wá bá òun ṣe é. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn dára: bí èrè bá wà, wọn yóò pín in, bí àdánù bá dé, tirẹ̀ nìkan ni. Àwọn ni wọ́n fi ìtí igi kọ́ ilé, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní gígùn, 30 ní ìbú. Sewall wo ilẹ̀ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kò dára fún màlúù. Roosevelt ní kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn darandaran orí ẹṣin, tí wọ́n ń pè ní kaobọ́ì, kò fi ojú ire wò ó. Ó ti rán ẹ̀wù awọ àgbọ̀nrín oníwàjàwàjà, ó sì gbé ọ̀bẹ onífàdákà tí wọ́n ṣe ní ilé ìtajà Tiffany há ìgbànú. Wọ́n sọ ọ́ ní Olójú Mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tí màlúù ń sá lọ, ó kígbe sí kaobọ́ì kan pé kí ó yára síwájú, ṣùgbọ́n èdè ilé ẹ̀kọ́ ni ó fi sọ ọ́, àfi bí ẹni tí ó dé Ọjà Ọba ní Ìbàdàn tí ó ń fi èdè Bíbélì ná ẹja. Àwọn kaobọ́ì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ẹṣin, gbólóhùn náà sì di àṣà ní ẹnu gbogbo Dakota.

Ohun tí ó pa ẹ̀rín náà ni iṣẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní ọgbà, màlúù oníkálukú ń jẹ pọ̀. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ń sún mọ́, gbogbo olówó màlúù a kó ènìyàn jáde, wọn a da màlúù gbogbo jọ láti orí òkè àti inú àfonífojì, wọn a yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn a fi irin gbígbóná sàmì sí àwọn ọmọ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni wọ́n ti ń gun ẹṣin, lóru wọn a tún máa gbà ṣọ́ra fún ara wọn. Ní ọdún 1885 Roosevelt gun ẹṣin tó máìlì 1,000 láàárín ọjọ́ 32 nínú irú iṣẹ́ yìí. Nígbà kan tí ẹ̀rù ààrá ba màlúù tí wọ́n sá túká, ó wà lórí gàárì fún wákàtí 40, ẹṣin márùn-ún ni ó rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹṣin kan ṣubú lé e, eegun èjìká rẹ̀ sán. Kò sí dókítà nítòsí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ okùn jù dáadáa rí, pé ẹṣin gígùn òun sì mọ níwọ̀nba. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò di ọ̀gá láàárín wọn. Ó kàn ń jí nígbà tí wọ́n jí, ó ń jẹ ohun tí wọ́n jẹ, kò sì bèèrè pé kí wọ́n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún òun nítorí owó òun.

Ọ̀ràn ilé ọtí Mingusville ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti gbọ́, nítorí náà kí n yára sọ ọ́. Ọ̀mùtí kan di ìbọn ìléwọ́ méjì mú, ó ní Olójú Mẹ́rin ni yóò ra ọtí fún gbogbo ilé. Roosevelt fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ọkùnrin náà kò gbà, ó dúró lé e lórí. Roosevelt dìde bí ẹni pé ó fẹ́ sanwó, ó sì bù ú ní ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Ọkùnrin náà fi orí sọ tábìlì ọtí, ó dákú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó wá ọkọ̀ ẹrù kan wọ̀ kúrò nílùú.

Èyí tí ó tóbi lójú tèmi ni ti àwọn olè ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹta ọdún 1886, ọkùnrin mẹ́ta jí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà ní Elkhorn gbé, wọ́n wà á lọ sí ìsàlẹ̀ odò tí yìnyín kún. Ọkọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Roosevelt jẹ́ igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò náà, ó ní bí òun bá dákẹ́, òfin ti kú níbẹ̀. Sewall àti Dow kan ọkọ̀ tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ omi nínú òtútù. Wọ́n ká àwọn olè náà mọ́ ibùdó wọn, ìbọn kankan kò dún. Àṣà ilẹ̀ náà ni pé kí wọ́n so irú wọn kọ́ sórí igi lójú ẹsẹ̀. Ó kọ̀. Wọn kò lè dè wọ́n pàápàá, nítorí òtútù yóò pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a bá fi okùn dè; bàtà wọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Yìnyín dí odò, oúnjẹ tán, ó ku ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi ẹlẹ́rẹ̀ pò. Níkẹyìn ó háyà kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, ó kó àwọn olè sínú rẹ̀, òun ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, nǹkan bí máìlì 45, títí dé ìlú Dickinson. Fún wákàtí 36 kò sùn. Ìwé ìtàn kan tí Tolstoy ará Rọ́ṣíà kọ wà nínú ẹrù rẹ̀ nínú ìrìn àjò náà, ó sì kà á tán. Ilé dókítà ni ó ti kọ́kọ́ yà ní Dickinson, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Kò pe ẹjọ́ le mọ́ ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ arúgbó, nítorí ó ní ọkùnrin náà kò gbọ́n tó ẹni tí ń ṣe ibi.

Ọmọ olówó mìíràn wà ní àdúgbò náà. Ọmọ ìjòyè láti ilẹ̀ Faransé ni, Marquis de Morès, àna olówó báńkì ní New York. Òun ni ó tẹ ìlú Medora dó ní ọdún 1883, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́. Ó kọ́ ilé oníyàrá 26 sórí òkè. Èrò rẹ̀ gbọ́n: dípò kí a máa kó màlúù láàyè lọ sí Chicago, kí ó máa rù lójú ọ̀nà, ó ní kí a pa á níbẹ̀, kí a fi wágúnù oní-yìnyín gbé ẹran lọ. Ṣùgbọ́n kò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni. Màlúù tí ó jẹ koríko nìkan kò sanra tó ti Chicago tí ó jẹ àgbàdo, àwọn ọlọ́jà ẹran ńlá sì dojú kọ ọ́. Ní ìparí ọdún 1886 ó ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó padà sí Faransé. Ní ọdún 1896 wọ́n pa á nínú aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Akínkanjú ni, ó mọ ẹṣin ju Roosevelt lọ. Àmọ́ orí òkè ni ó ń gbé, ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ó mọ màlúù wà.

Bí Roosevelt ti gbọ́n tó yìí náà, Sewall ni ó jàre. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1886 òjò kò rọ̀, koríko gbẹ, iná jó òmíràn, màlúù sì ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ nítorí gbogbo olówó ìlú òkèèrè ni ó ń kó tirẹ̀ wá. Owó ẹran já ní Chicago. Sewall àti Dow jókòó pẹ̀lú Roosevelt, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n sì padà sí Maine kí òtútù tó dé. Ní oṣù kọkànlá yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bí òwú, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1887 ó ti dì lórí koríko bí pálábá òkúta, màlúù kò lè fi pátákò wa á. Wọ́n wọ inú àfonífojì lọ, yìnyín bò wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan wọ ìlú Medora, wọ́n ń já pépà ọlọ́dà tí ó wà lára ògiri ilé jẹ. Nígbà tí odò tú, òkú màlúù ni omi ń gbé kọjá. Àwọn Fúlàní tí a ń rí níhìn-ín, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìdí màlúù ni wọ́n ń tẹ̀ lé lọ sí ibi tí koríko wà. Àwọn olówó Dakota fi tiwọn sílẹ̀ kí ó wá ara rẹ̀ rí, wọn kò sì gé koríko pamọ́. Mo rò pé Bororo kan ì bá ti sọ fún wọn.

Roosevelt kò sí níbẹ̀ nígbà òtútù náà. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, Edith, ní London ní oṣù kejìlá ọdún 1886. Nígbà tí ó dé Dakota ní oṣù kẹrin, ju ìlàjì màlúù rẹ̀ lọ ni ó ti kú. Ó kọ̀wé sílé pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun wá sí oko òun tí inú òun kò dùn. Nínú owó tí ó lé ní dọ́là 80,000 tí ó fi síbẹ̀, àdánù rẹ̀ lé ní dọ́là 20,000, kí a tó ka èlé. Ó ń tà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ta èyí tí ó kù fún Sylvane Ferris ní ọdún 1898.

Nítorí náà ẹni tí ó bá ní oko màlúù sọ ọ́ di olówó, irọ́ ni. Kò sì di tálákà pẹ̀lú; nígbà gbogbo ni ọkọ̀ wà tí ó lè wọ̀ padà sí New York, ó sì ń wọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, kaobọ́ì tí ó ń gba owó oṣù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée rẹ̀ fúyẹ́, àyà rẹ̀ fẹ̀, àwọn tí ó fi í rẹ́rìn-ín sì ti fi í ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn olówó màlúù Little Missouri. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá Sípéènì jà ní ọdún 1898, ó kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jọ, kaobọ́ì pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ Harvard, wọ́n sì jà ní òkè San Juan lẹ́bàá Santiago ní Kúbà, erékùṣù kan náà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí. Ní ọdún 1901 ó di igbákejì Ààrẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí ìbọn pa Ààrẹ McKinley, ó di Ààrẹ ní ẹni ọdún 42. Ó sọ lẹ́yìn náà pé bí kì í bá ṣe Dakota, òun kì bá dé ipò náà. Òun náà ni ó sì fi òfin dáàbò bo igbó àti ẹranko púpọ̀ ju Ààrẹ tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, ẹni tí ó lọ pa ẹfọ̀n nítorí pé wọ́n ń tán.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1903 ọkọ̀ Ààrẹ gba ojú irin Northern Pacific kan náà kọjá, ó dúró ní Medora lálẹ́. Gbogbo ará àdúgbò, títí dé ọmọ ọwọ́, ni ó jáde wá, Joe Ferris wà níbẹ̀, ó sì bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra lọ sí Montana. Ilé onígi rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà ní Medora títí di òní, àwọn ènìyàn ń lọ wò ó. Ti Elkhorn kò sí mọ́; òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ni ó kù nínú koríko.